Ta ló yan fọ́ǹtì yìí? Bí lẹ́tà Yorùbá ṣe ń dé ojú fóònù

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ áàpù, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ náà. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Nígbà tí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ lójú fóònù, ta ló yan fọ́ǹtì, ìyẹn fáìlì tó kó àwòrán àwọn lẹ́tà dání, tí wọ́n fi kọ ọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní, “Èmi ni mo yàn án, orúkọ rẹ̀ ṣáà wà nínú kóòdù mi.” Orúkọ tí ẹ kọ sínú kóòdù yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ń ti ọwọ́ ìpele kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn: framework (àkójọ irinṣẹ́ tí ẹ fi kọ áàpù) tí ẹ lò, ẹ̀rọ tó ń to lẹ́tà, Android tàbí iOS fúnra rẹ̀, títí dé orí fáìlì fọ́ǹtì. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló lágbára láti fi nǹkan mìíràn rọ́pò ohun tí ẹ bèèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kó má mọ̀. A títí dé Z wà nínú fọ́ǹtì tó pọ̀ jù lọ, èyíkéyìí tí wọ́n bá fi rọ́pò, ọ̀rọ̀ á ṣì jáde. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wo áàpù ìròyìn kan tí ọ̀rọ̀ náà “Ẹ̀kọ́” wà níbi mẹ́ta lójú ìwé rẹ̀. Ní àkọlé, ó dára, àmì ohùn jókòó síbi tó yẹ. Nínú ìròyìn fúnra rẹ̀, Ẹ àti ọ tẹ́ẹ́rẹ́, k tó wà láàárín wọn sì ki, bíi pé inú ìwé méjì ni wọ́n ti gé wọn wá. Lórí bọ́tìnnì, òkè lẹ́tà ti gé dànù, àmì ohùn orí Ẹ kò sí mọ́. Fóònù kan náà, áàpù kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Àbùkù méjèèjì kò ti ibì kan náà wá, ẹni tó bá sì ń wá wọn síbì kan náà á pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀rọ̀ kò tíì kan fọ́ǹtì rárá. Unicode ló ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. U+1EB9 ni ẹ, U+1ECD ni ọ, U+1E63 ni ṣ. À, é, ì àti irú wọn ní nọ́ńbà tiwọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà méjì ni kọ̀ǹpútà ń kọ: fún ẹ́, ti ẹ, tí ti àmì ohùn, U+0301, sì tẹ̀ lé e. Èdè Vietnam ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ệ, U+1EC7, bẹ́ẹ̀ àmì méjì ló wà lára ìyẹn náà. Tiwa kò ní, kò sì ní ní in mọ́, nítorí Unicode ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú lẹ́tà àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti kọ pamọ́ má baà dàrú. Mi ò rò pé ó yẹ ká máa sunkún lé ìyẹn lórí. Ohun tó kàn wá ni pé gbogbo ìpele tó wà lókè gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nọ́ńbà méjì ka ara wọn kó tó di lẹ́tà kan.

Lójú wa, lẹ́tà mẹ́ta ni Ẹ̀kọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà 5 ni. Bí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ bá sì tú Ẹ sí E àti àmì abẹ́ rẹ̀, tó tú ọ náà bákan náà, ó di nọ́ńbà 7. Èyí 5 ni wọ́n ń pè ní NFC, èyí 7 sì ni NFD. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n fọ́ǹtì lè mọ̀ ọ́n, torí fọ́ǹtì kan lè ní àwòrán ẹ kó má ní àwòrán àmì abẹ́ tó dá dúró. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC lẹ́nu ọ̀nà, kó tó wọ database. JavaScript ní normalize fún un, Java àti Kotlin ní Normalizer, Swift náà ní tirẹ̀. Dart, èdè tí framework Flutter ń lò, kò ní in lára èdè fúnra rẹ̀, ẹ ó ní láti fi package kún un. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí ìdí tí àwòrán róbótó tí àwọn áàpù fi ń ṣàmì orúkọ ènìyàn, èyí tó ń mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan, fi ń sọ ẹni tó ń jẹ́ Ẹ̀bùn di Ẹ tí kò ní àmì ohùn bó bá jẹ́ NFC, tàbí E lásán bó bá jẹ́ NFD: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló mú, kò mú lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ẹ má gbàgbé àwọn ará wa ní Benin o. Yorùbá tí wọ́n ń kọ lọ́hùn-ún ń lo ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ, ɛ́ náà sì nílò àmì ohùn tó dá dúró. Áàpù tó bá ń tẹ́ ará Ìbàdàn lọ́rùn lè máà tẹ́ ará Kétu lọ́rùn.

Ní ti fáìlì fọ́ǹtì fúnra rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi í. Ǹjẹ́ o ní àwòrán ẹ, ọ àti ṣ, ńlá àti kékeré? Ǹjẹ́ o ní àwòrán àmì ohùn tó dá dúró? Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ kì í bèèrè: ǹjẹ́ o mọ ibi tí àmì náà ti ń jókòó sórí ẹ? Tábìlì kan wà nínú fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní GPOS, inú rẹ̀ ni ẹni tó ya fọ́ǹtì náà ti ń sọ ojúkò ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan yóò ti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Fọ́ǹtì tí kò ní i lè ní gbogbo àwòrán tó kù, síbẹ̀ kí àmì ohùn rẹ̀ fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó dì mọ́ lẹ́tà. HarfBuzz, tó jẹ́ ẹ̀rọ ìtolẹ́tà inú Android, Chrome àti Flutter, máa ń gbìyànjú láti fojú díwọ̀n ibi tó yẹ kí àmì wà bí kò bá rí tábìlì yìí. Ó ń ṣe é dáadáa nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ìfojúdíwọ̀n náà ni. Fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, Noto ni mo kọ́kọ́ máa ń mú, lẹ́yìn náà Gentium, Charis àti Andika tí àjọ SIL ṣe. Abẹ́ àṣẹ OFL ni gbogbo wọn wà, ẹ lè kó wọn sínú áàpù yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gòkè díẹ̀. Bí fọ́ǹtì tí ẹ yàn kò bá ní lẹ́tà kan, Android kì í dúró. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó to gbogbo fọ́ǹtì orí fóònù náà lẹ́sẹẹsẹ. Ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tó ní lẹ́tà yẹn. Bí télọ̀ ṣe ń fi ègé aṣọ mìíràn lẹ ojú ibi tí aṣọ ti ya ni: ihò ti dí, ṣùgbọ́n àwọ̀ kò bá ara wọn mu. Ẹ àti ọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ k, arọ́pò nìyẹn. Minikin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí láti Android 5.0, tí HarfBuzz sì ń tò ó fún un. Ti iOS yàtọ̀. Core Text, ẹ̀rọ ìtolẹ́tà ti Apple fúnra rẹ̀, ló wà níbẹ̀, fọ́ǹtì tó ń bá a wá sì ti jẹ́ San Francisco láti iOS 9, ọdún 2015. Nítorí náà, fáìlì fọ́ǹtì kan náà ń bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ méjì tí kò jọ ara wọn. Àwọn fóònù Android kan tún wà tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń lò wọ́n pa fọ́ǹtì dà fúnra rẹ̀, kó lọ gbé èyí tó rẹwà lójú rẹ̀ wá. Èyí tó rẹwà yẹn lè máà ní ẹ rárá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kí áàpù tó ń kọ Yorùbá gbẹ́kẹ̀ lé fọ́ǹtì orí fóònù. Ẹ gbé tiyín dání.

Àwọn framework ló kàn báyìí, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ pọ̀ sí jù.

React Native kì í ya lẹ́tà fúnra rẹ̀. Lórí Android, ó ń fi ọ̀rọ̀ lé Android lọ́wọ́. Lórí iPhone, ó ń fi í lé iOS lọ́wọ́. Orúkọ sì ni wàhálà rẹ̀. Lórí Android, ó ń wá fáìlì nínú assets/fonts, orúkọ fáìlì ló sì ń wò. Lórí iOS, orúkọ fáìlì kò já mọ́ nǹkan. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú fọ́ǹtì náà ló ń wò, yálà orúkọ ìdílé rẹ̀ tàbí PostScript name rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti kọ fáìlì náà sábẹ́ UIAppFonts nínú Info.plist. Bí orúkọ kò bá bára mu, àwọn ẹ̀dà React Native kan á pariwo lórí iOS pé àwọn kò mọ irú ìdílé fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀. Lórí Android kò ní sọ nǹkan kan, á kàn lo fọ́ǹtì fóònù. Ẹni tó bá ń dán áàpù rẹ̀ wò lórí iPhone nìkan kò lè mọ̀ láéláé, bẹ́ẹ̀ Android ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń lò.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn: ẹ fi PostScript name sọ fáìlì náà lórúkọ. NotoSans-Bold.ttf ń jẹ́ NotoSans-Bold nínú ikùn rẹ̀, nítorí náà orúkọ kan á ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì. Ẹ ṣọ́ra fún fontWeight náà. Bí ẹ bá kọ fontFamily kan tí ẹ sì tún kọ fontWeight “bold” sí i, lórí Android ó máa ń wá fáìlì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ parí sí _bold. Bí kò bá rí i, ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó pa fọ́ǹtì yín tì, ó padà sórí ti fóònù. Ìyẹn ni pé àwọn àkọlé, tí ẹ fẹ́ kó rẹwà jù lọ, ló máa ń kọ́kọ́ pàdánù fọ́ǹtì wọn. Ẹ máa dárúkọ fáìlì tó ki gan-an, kí ẹ fi fontWeight sílẹ̀.

Flutter gba ọ̀nà mìíràn. Láti ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, òun fúnra rẹ̀ ló ń to lẹ́tà tó sì ń yà á, ó gbé HarfBuzz tirẹ̀ wọ inú áàpù. Bí ẹ bá ti kọ fọ́ǹtì yín sínú pubspec.yaml, Ẹ̀kọ́ tó jáde lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó jáde lórí iPhone, bákan náà ni. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀ fún iṣẹ́ Yorùbá. Bí ẹ kò bá kọ fọ́ǹtì kankan, á lo Roboto lórí Android, á sì lo ti Apple lórí iOS, ìbádọ́gba yẹn sì parí. TextStyle rẹ̀ ní fontFamilyFallback, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti lè to arọ́pò, kí fóònù má baà bá yín yàn án. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún: package google_fonts máa ń lọ gbé fọ́ǹtì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán kò ní rí i. Ẹ kó fáìlì náà sínú assets, kí ẹ sì sọ allowRuntimeFetching di false.

WebView, ìyẹn ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù tó ń ṣí nínú áàpù, ni mo fẹ́ fi àkókò sí jù. Áàpù tí wọ́n fi Ionic àti Capacitor kọ, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Àwọn áàpù mìíràn náà sì máa ń fi í ṣí ìròyìn gígùn. Nínú áàpù ìròyìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Android ló ya àkọlé, WebView ló ya ìròyìn. Lórí Android, WebView ní ẹ̀rọ ìtolẹ́tà tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti fóònù, láti Android 5.0 ló sì ti ń gba àtúnṣe láti Play Store láìdúró de fóònù. Nítorí náà, ojú ìwé kan ṣoṣo lè ní ẹ̀rọ méjì tó ń to lẹ́tà, ọjọ́ orí wọn kò sì dọ́gba. Fọ́ǹtì tí ẹ fún Android tàbí React Native kò dé inú WebView rárá. Ó fẹ́ kí ẹ fi @font-face, àṣẹ CSS tó ń dárúkọ fáìlì fọ́ǹtì, sọ fún òun ní tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ mú ti Google Fonts, ibi tí Google ti ń pín fọ́ǹtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google kì í fún yín ní fọ́ǹtì lódindi; ó gé e sí wẹ́wẹ́ kí ẹni tó ń kàwé má baà fi dátà ṣòfò, ó sì fi unicode-range sọ àwọn nọ́ńbà tí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan kó dání. Ẹ wá wo ibi tí lẹ́tà Yorùbá wà. A, b, k, à àti é wà nínú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní latin. Ṣ, ń àti ǹ wà nínú latin-ext. Ẹ àti ọ, pẹ̀lú àwọn àmì ohùn tó dá dúró, wà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní vietnamese. Wẹ́wẹ́ mẹ́ta ni Yorùbá ń jẹ. Ẹni tó bá da latin nìkan kọ sínú áàpù rẹ̀, tàbí latin àti latin-ext pé “èdè Áfíríkà ni, ext á tó o,” á rí k àti ṣ nínú fọ́ǹtì tó yàn, á sì rí ẹ àti ọ nínú fọ́ǹtì fóònù. Àbùkù àkọ́kọ́ tí mo sọ nìyẹn gẹ́lẹ́. Bó bá sì jẹ́ fọ́ǹtì tí ẹni tó yà á kò ya ti Vietnam rárá, kò sí wẹ́wẹ́ kankan tó máa gbà yín. M̀ tilẹ̀ le ju ẹ̀ lọ: m wà nínú latin, àmì orí rẹ̀ wà nínú vietnamese, GPOS kò sì lè so lẹ́tà inú fáìlì kan mọ́ àmì inú fáìlì mìíràn. Fún áàpù, ẹ má lo wẹ́wẹ́. Ẹ gba fọ́ǹtì náà lódindi, kí ẹ kó o sínú áàpù. Bó bá tóbi jù, ẹ gé e fúnra yín, kí gbogbo lẹ́tà wa àti àmì wọn wà nínú fáìlì kan ṣoṣo.

Bọ́tìnnì tó gé lórí ńkọ́? Ẹ̀bi fọ́ǹtì kọ́. Ẹ̀ àti Ọ̀ ńlá wà lára àwọn tó ga jù nínú lẹ́tà wa, torí àmì wà lórí wọn, àmì sì tún wà lábẹ́ wọn. Ẹni tó ya bọ́tìnnì náà fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀n ọ́n, ó kọ lineHeight (gíga ìlà) tó bá fontSize (ìwọ̀n fọ́ǹtì) dọ́gba. Nínú React Native, àwọn kan tún máa ń sọ includeFontPadding di false kí ọ̀rọ̀ lè wà láàárín bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ àyè tí wọ́n yọ yẹn, àyè àmì orí lẹ́tà ni. Jetpack Compose, tí Google ń fi kọ áàpù Android báyìí, kì í fi àyè náà sílẹ̀ mọ́ bí ẹ kò bá bèèrè. Nínú Flutter, bí height bá kéré, àmì kì í sábà gé. Á wọnú ìlà tó wà lókè rẹ̀. Ní tèmi, mi ò kì í jẹ́ kí gíga ìlà Yorùbá kéré ju ìlọ́po 1.5 ìwọ̀n fọ́ǹtì lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ya lẹ́tà gan-an, ọ̀nà wà. Fún WebView orí Android, ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí chrome://inspect, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ lọ sí Computed. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, Chrome á dárúkọ gbogbo fọ́ǹtì tó lò àti iye àwòrán tó mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí orúkọ méjì fún gbólóhùn kan, ẹ ti mú olè. Fún React Native àti Flutter, ọgbọ́n tí mo máa ń lò ni kí n fi fọ́ǹtì tó rí gánńgán, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ ìwé ìpè ìgbéyàwó, rọ́pò tèmi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́tà tí kò bá yí padà, ibòmíràn ló ti ń wá. Ọ̀rọ̀ tí mo sì fi ń dán an wò ni àwọn tó ní gbogbo ìṣòro wa lára: Ọ̀ṣun, Ẹ̀kọ́, ẹ̀ṣẹ́, ńlá, m̀, àti ɛ̀kɔ́ fún àwọn ará Benin. Mo ń wò wọ́n ní lẹ́tà lásán àti lẹ́tà tó ki, ní NFC àti NFD.

Ó ku àwọn òbí wa. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti gbé ìwọ̀n lẹ́tà fóònù wọn sókè torí ojú, Android 14 sì jẹ́ kí wọ́n gbé e dé 200%. iOS náà ní Dynamic Type. React Native àti Flutter ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n yàn yìí bí ẹ kò bá dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èdè Swift ni ẹ fi kọ áàpù iOS tààrà, fọ́ǹtì tí ẹ gbé wọlé fúnra yín kì í tẹ̀ lé e bí ẹ kò bá lo UIFontMetrics, tí iOS 11 mú wá, tàbí ohun tó jọ ọ́ nínú SwiftUI. Mo ti rí àwọn tó kọ allowFontScaling di false kí àwòrán wọn má baà bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń fẹ́ kàwé. Ẹ fún bọ́tìnnì ní minHeight dípò height, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sí ìlà kejì bó bá gùn, kí ẹ sì gbé fóònù tí ẹ fi ń dán iṣẹ́ wò dé 200% kí ẹ tó fi áàpù náà ránṣẹ́ sí Play Store.